Ẹ̀rí Ara Ìwé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Kíkó Àtẹ̀jáde Àtijọ́ ti Eré Ìtàgé Faransé Jọ

Ohun tí olùkójọ ń wá

Àwọn ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ eré Corneille, Molière, Racine àti Beaumarchais sí wà lára ohun tí àwọn olùkójọ ìwé nílẹ̀ Faransé ti ń wá kiri láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí di òní. Púpọ̀ nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bébà wọn ti pọ́n, lẹ́tà inú wọn kò sì tẹ́jú bíi ti ìwé òde òní. Síbẹ̀, olówó a máa náwó gọbọi lé wọn lórí, àwọn ilé ìkàwé ńlá a sì máa bá wọn du wọ́n ní gbàǹjo.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló mú wọn níyì. Ìwé ẹ̀sìn àti ìwé òfin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè pọ̀ súà nílùú Paris. Ohun tó mú ìwé eré yàtọ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ni. Eré ìtàgé kì í dúró sójú kan: òṣèré a yí i padà, ìjọba a gé e kúrú, òǹkọ̀wé a tún un kọ, òǹtàwé tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i a jí i tẹ̀. Gbogbo èyí ló ń fi àpá sílẹ̀ lára ìwé. Olùkójọ tó mọṣẹ́ a ka àpá wọ̀nyí kí ó tó ka ọ̀rọ̀ inú eré. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà lè ra ìwé tó gbó, kó má sì mọ ohun tó rà.

Bí eré ṣe ń di ìwé

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, eré tí wọn kò tíì tẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèré tó kọ́kọ́ ṣe é. Lọ́jọ́ tó bá ti di ìwé, ẹgbẹ́ yòówù lè mú un ṣe láìsan kọ́bọ̀ fún òǹkọ̀wé. Nítorí náà, àwọn òṣèré a máa fẹ́ kí ìwé pẹ́ kó tó jáde, òǹkọ̀wé tí òǹtàwé ti gbówó síwájú rẹ̀ a sì máa fẹ́ kó tètè jáde. Bí ènìyàn bá ka iye oṣù tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré kan àti ìgbà tí ìwé rẹ̀ jáde, yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Òǹtàwé kò gbọ́dọ̀ tẹ eré láìgba ìwé àṣẹ ọba. Àṣẹ yìí ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dá nìkan tà á fún iye ọdún kan. Wọn a tẹ àṣẹ náà, tàbí àkékúrú rẹ̀, mọ́ ìwé, wọn a sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti ọjọ́ tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé parí. Ojú ibẹ̀ ni olùkójọ ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí ọdún nìkan ló sábà máa ń wà lójú ewé àkọlé, nígbà tí ọjọ́ àti oṣù máa ń wà nínú àṣẹ ọba. Nígbà mìíràn, òǹtàwé méjì tàbí mẹ́ta a pín ìnáwó, wọn a tẹ gbogbo ẹ̀dà pọ̀, kálukú a wá fi orúkọ tirẹ̀ sójú àkọlé àwọn ẹ̀dà tó kàn án. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà méjì fi lè ru orúkọ òǹtàwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ pé àtẹ̀jáde kan náà ni wọ́n.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ẹjọ́ Ńlá ti Paris ni ọjà wọn wà. Ibẹ̀ ni ìsọ̀ ìwé, ìsọ̀ aṣọ àti ìsọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Corneille tilẹ̀ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ṣe ojú eré kan, La Galerie du Palais, tí wọ́n tẹ̀ ní 1637, tó sì gbé òǹtàwé kan jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ̀.

Ìwọ̀n ìwé náà ní ohun tó ń sọ. Bí wọ́n bá ká abala bébà kan lẹ́ẹ̀mejì, ewé mẹ́rin ni yóò fún wọn. Ìwọ̀n gbàgẹ̀rẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ eré tuntun ìgbà Corneille kọ́kọ́ máa ń wọ̀. Bí abala kan bá di ewé méjìlá, ìwé kékeré tó ń wọ àpò ni yóò jẹ́, òun sì ni púpọ̀ nínú eré Molière àti Racine fi jáde. Ewé mẹ́jọ wà láàárín méjèèjì, òun ló sì gbòde ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Waya tí wọ́n fi ń sẹ́ bébà nígbà náà a máa fi ìlà sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí a bá gbé ewé kan sí ìmọ́lẹ̀, àwọn ìlà tó jìnnà síra yóò dùbúlẹ̀ nínú ìwé elẹ́wé-mẹ́rin, wọn yóò sì dúró lóòró nínú ìwé elẹ́wé-mẹ́jọ. Ewé tí ìlà tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àwọn tó yí i ká ti fi ara rẹ̀ hàn bí àlejò.

Corneille

Ìlú Rouen ni wọ́n bí Pierre Corneille sí ní 1606. Ní oṣù Kìíní 1637 ni eré rẹ̀, Le Cid, gba ìgboro Paris kan ní gbọ̀ngàn Marais. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni ìwé rẹ̀ parí lọ́dọ̀ Augustin Courbé àti François Targa. Kò pé oṣù mẹ́ta sígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèré Marais kò tíì jèrè rẹ̀ tán tó fi di ohun tí ẹgbẹ́ mìíràn lè ṣe.

Ẹni tó bá ṣí àtẹ̀jáde 1637 yẹn yóò rí eré tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ìwé. Tragi-comédie (eré arò tó parí sí ayọ̀) ni àkọlé rẹ̀ pè é, tragédie (eré arò) ni ó sì di láti 1648. Ní 1637, baba Chimène, ọ̀dọ́bìnrin pàtàkì inú eré náà, àti Elvire, obìnrin tó ń tọ́jú Chimène, ló kọ́kọ́ jáde sórí ìtàgé. Nígbà tí Corneille tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní 1660, ó yọ ìran náà kúrò, ó sì fi Chimène fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀jáde 1660 yìí, ìdìpọ̀ mẹ́ta, ṣe pàtàkì nítorí pé inú rẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé bí eré ṣe yẹ kó rí, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dá eré kọ̀ọ̀kan lẹ́jọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀jáde onídìpọ̀ méjì ńlá ti 1663, níbi tí ó ti ya lẹ́tà i sọ́tọ̀ kúrò lára j, àti u kúrò lára v, kí àlejò tó ń ka èdè Faransé má bàa ṣìnà. Ti 1682 ni ó gbẹ̀yìn nígbà ayé rẹ̀. Ó kú ní 1684.

Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí Le Cid náà bí ìwé tirẹ̀. Georges de Scudéry, òǹkọ̀wé eré mìíràn, tẹ ẹ̀sùn rẹ̀ jáde ní 1637, Académie française sì gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ nínú ìwé tó ru ọdún 1638. Ìwé pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń jà nígbà náà. Ẹni tó bá kà á tán a jù ú nù, ìyẹn ló sì fà á tí rírí wọn fi ṣòro. Olùkójọ tó bá lè kó wọn jọ pẹ̀lú Le Cid ti kó ìjà náà lódindi.

Molière

Eré Molière ló kún jù fún àpá tí à ń sọ. Les Précieuses ridicules jáde lórí ìtàgé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1659. Kò pẹ́ tí òǹtàwé kan, Jean Ribou, fi rí ọ̀rọ̀ eré náà jí, ó sì ti gba àṣẹ àtitẹ̀ ẹ́. Molière ní láti sáré gbé tirẹ̀ fún Guillaume de Luyne, ìwé náà sì jáde ní oṣù Kìíní 1660 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó ti ṣàlàyé pé tipátipá ni òun fi di ẹni tó ń tẹ̀wé. Lọ́dún yẹn kan náà, Ribou tún tẹ Sganarelle. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Neufvillenaine ló ní òun wo eré náà títí òun fi mọ̀ ọ́n sórí. Molière pe Ribou lẹ́jọ́. Nígbà tó wá di 1667, lójú àkọlé Le Misanthrope àti Le Médecin malgré lui, Jean Ribou kan náà ló wà níbẹ̀ bí òǹtàwé tí Molière yàn. Bí a bá to ìwé wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, bí ọ̀tá ṣe di alájọṣe hàn kedere lójú àkọlé wọn.

Ọdún márùn-ún ni Tartuffe fi wà lábẹ́ ìfòfindè, láti 1664 títí di oṣù Kejì 1669. Nígbà tí ọba tú u sílẹ̀, Molière fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ojú àkọlé sọ pé owó òǹkọ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, pé ọ̀dọ̀ Ribou ni wọ́n ti ń tà á. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta ni iṣẹ́ parí. Nínú oṣù Kẹfà, àtẹ̀jáde kejì tẹ̀lé e, èyí tó ní ìwé ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tí Molière kọ sí ọba nínú. Nítorí náà, ẹ̀dà 1669 tó ní ìwé ẹ̀bẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan náà ni wọ́n jáde. Òǹkàwé a fẹ́ràn èkejì nítorí ẹ̀bẹ̀ náà, olùkójọ a sì fẹ́ àkọ́kọ́. Méjèèjì ló ní ìdí tirẹ̀.

Èyí tó ga jù ni ọ̀rọ̀ Dom Juan. Wọ́n ṣe é nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ní 1665, Molière kò sì tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì 1673. Ní 1682, La Grange, òṣèré tó ti ń ṣàkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wọn lójoojúmọ́, àti Vivot kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́jọ lọ́dọ̀ Denys Thierry, Claude Barbin àti Pierre Trabouillet. Ibẹ̀ ni Dom Juan ti kọ́kọ́ di ìwé. Àmọ́ wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán kí ìjọba tó ní kí wọ́n gé àwọn ibì kan kúrò, pàápàá ìran tí Dom Juan ti ní òun yóò fún tálákà kan ní owó wúrà bó bá lè sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Wọ́n gé àwọn ewé náà, wọ́n sì lẹ òmíràn dípò wọn. Bí a bá la ẹ̀dà 1682 dáadáa, a óò rí kùkùté ewé àkọ́kọ́ ní ìdí ìwé, èyí tí wọ́n lẹ ewé ìpààrọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ tí ọ̀bẹ kò kàn ló kù láyé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti La Reynie, ọ̀gá ọlọ́pàá Paris fúnra rẹ̀, ó sì wà ní ilé ìkàwé ìjọba Faransé.

Ohun tí Paris gé, Amsterdam tẹ̀ ẹ́. Henri Wetstein gbé eré náà jáde níbẹ̀ ní 1683, ìran tálákà náà sì pé nínú rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé Họ́láǹdì ti ń tẹ eré Faransé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tipẹ́tipẹ́. Wọn a kọ ọ́ sójú àkọlé pé ẹ̀dà Paris ni àwọn tẹ̀lé. Daniel Elzevier tilẹ̀ fi orúkọ tí kò sí, Jacques le Jeune, tẹ iṣẹ́ Molière ní 1675. Olùkójọ tó bá gbọ́ pé àtẹ̀jáde kan kò gbàṣẹ kò gbọ́dọ̀ tìtorí bẹ́ẹ̀ jù ú nù, nítorí pé inú irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ ti yè.

Àtẹ̀jáde 1682 tún ní àwòrán tí Pierre Brissart yà, tí Jean Sauvé sì fín. Aṣọ àti ìdúró òṣèré ìgbà náà wà nínú wọn, àwọn tó ń kọ ìtàn ìtàgé kò sì yé padà sọ́dọ̀ wọn.

Racine

La Ferté-Milon ni wọ́n bí Jean Racine sí ní 1639. Eré àkọ́kọ́ rẹ̀, La Thébaïde, di ìwé ní 1664. Andromaque, tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, jáde bí ìwé ní 1668. Àkójọpọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ wà ní ìdìpọ̀ méjì tó ru 1676, ṣùgbọ́n 1675 wà lára àwọn ẹ̀dà kan. Èyí tó gbẹ̀yìn tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò jáde ní 1697, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀.

Phèdre ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra sí jù. Nígbà tó jáde ní 1677, Phèdre et Hippolyte ni àkọlé rẹ̀. 1687 ló tó di Phèdre lásán. Pradon, tí àwọn ọ̀tá Racine ń tì lẹ́yìn, gbé eré tirẹ̀ dìde sí i lọ́dún kan náà pẹ̀lú àkọlé kan náà. Ìwé 1677 tó ń jẹ́ Phèdre et Hippolyte lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, iye owó wọn kò sì jọra rárá. Esther ti 1689 àti Athalie ti 1691 yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú wọn: àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ Saint-Cyr ni Racine kọ wọ́n fún, ní ìbéèrè Madame de Maintenon tí ọba fẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́, ìwọ̀n elẹ́wé-mẹ́rin ni wọ́n sì fi jáde bí ohun ààfin.

Ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ohun tó tẹ̀lé e

Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ti di àgbà ọ̀jẹ̀, ìwé wọn di ohun ẹwà. Ní 1734, wọ́n tẹ iṣẹ́ Molière ní ìdìpọ̀ mẹ́fà ńlá ní Paris pẹ̀lú àwòrán 33 tí François Boucher yà, tí Laurent Cars sì fín. Ẹ̀dà tó kọ́kọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ ní àṣìṣe kan: ní ojú ìwé 360 nínú ìdìpọ̀ kẹfà, Comteese ni wọ́n tẹ̀ dípò Comtesse. Wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ nínú àwọn tó tẹ̀lé e. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni olùtajà a máa kọ́kọ́ dárúkọ nínú ìwé gbàǹjo. Ní 1773, Bret gbé àtẹ̀jáde mìíràn jáde pẹ̀lú àwòrán Moreau le Jeune. Ti Racine ló tóbi jùlọ: ìdìpọ̀ mẹ́ta gìrìwò tí Pierre Didot tẹ̀ láti 1801 sí 1805, ẹ̀dà 250 péré.

Beaumarchais dá ìjà tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣe Le Mariage de Figaro ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin 1784 lẹ́yìn tí ọba ti kọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1785. Ẹ̀dà òǹtàwé Ruault ti Paris wà, ti ìlú Kehl wà, ti àwọn ajíwétẹ̀ náà kò lóǹkà. Beaumarchais yìí náà ló kó àwọn òǹkọ̀wé eré jọ ní 1777 láti bá òṣèré jà fún ẹ̀tọ́ wọn, òfin 1791 sì wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí ẹni tó lè ṣeré òǹkọ̀wé tó wà láàyè láìgba àṣẹ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìdí tí wọ́n fi ń fi ìwé falẹ̀ ti yí padà. Ìwé Hernani ti Victor Hugo tẹ̀lé eré rẹ̀ kíákíá ní 1830.

Bí a ṣe ń yẹ ẹ̀dà wò

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíka ewé. Lẹ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀ àwọn ojú ìwé kan, A, B, C títí lọ, ló ń sọ bí wọ́n ṣe to abala. Èyí tí kò bá sí, ewé ti sọ nù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú àkọlé. Òun ni ó máa ń tètè ya, àwọn kan a sì tẹ ayédèrú rẹ̀ lẹ bò ó. Lẹ́tà ayédèrú a tẹ́jú ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní wọ inú bébà bíi ti lẹ́tà òjé.

Èèpo ẹ̀yìn ló kàn. Awọ màlúù ló wọ́pọ̀. Awọ ewúrẹ́ pupa wà fún ọlọ́lá. Awọ tí wọn kò pa láró wà fún ẹni tó fẹ́ kó lálòpẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn olówó a máa tú èèpo àtijọ́ dànù, wọn a fọ ewé kó lè funfun, wọn a sì gbé ìwé fún adìwé olókìkí bíi Trautz-Bauzonnet láti fi wúrà dì í. Iṣẹ́ náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹni tó kọ́kọ́ ni ìwé ti bá a lọ, etí ewé a sì ti kúrú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi mìlímítà wọn gíga ewé. Lóde òní, ẹ̀dà tí èèpo àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà, bó tilẹ̀ ti họ, ni ọ̀pọ̀ olùkójọ ń fẹ́ jù.

Àmì ẹni tó ti ni ìwé rí a tún fi kún iyì rẹ̀. Ilé ìṣọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wúrà tẹ̀ sára awọ ń tọ́ka sí Madame de Pompadour, olólùfẹ́ ọba, ẹni tí eré ìtàgé pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tà ní 1765. Ìdìpọ̀ tí a kó jọ láti ara ẹ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà wọ́pọ̀: ìdìpọ̀ kan lè ga ju èkejì lọ, tàbí kí wọ́n di eré mẹ́fà tí ọdún wọn kò bára mu sínú èèpo kan. Kò burú, bí olùtajà bá ti sọ ọ́.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Émile Picot ti to gbogbo àtẹ̀jáde Corneille lẹ́sẹẹsẹ ní 1876, A.-J. Guibert sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti Molière ní 1961. Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀dà tó wà níwájú rẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewé sí ewé. Ilé ìkàwé ìjọba Faransé tún ti ya àwòrán púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ sórí Gallica lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Porto-Novo lè fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n láìsan owó.

Àwọn tó ṣáájú, àti ìtọ́jú

Bí kò bá sí olùkójọ, ọ̀pọ̀ eré kéékèèké ìbá ti parun. Ìjòyè Pont-de-Veyle, tó kú ní 1774, kó ìwé eré jọ jaburata. Martineau de Soleinne, tó kú ní 1842, wá kó ju tirẹ̀ lọ, àkọsílẹ̀ tí Paul Lacroix ṣe nípa àkójọ rẹ̀ láti 1843 sì wúlò fún àwọn onímọ̀ títí di òní, bí gbàǹjo tilẹ̀ ti tú ìwé náà ká. Auguste Rondel, òṣìṣẹ́ báńkì ní Marseille, kò fẹ́ kí tirẹ̀ túká. Ó fi í ta ìjọba Faransé lọ́rẹ ní 1920, òun sì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀ka eré ìtàgé ní ilé ìkàwé ìjọba.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra Tartuffe ti 1669 lè bẹ̀rẹ̀ láti orí eré ẹlẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ilé ìtàwé Duchesne ní òpópó Saint-Jacques tà wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà, owó wọn kò sì tíì wọ́n lónìí. Ó sàn kó yan ojú kan, yálà òǹkọ̀wé kan, eré kan láti ìgbà dé ìgbà, tàbí àtẹ̀jáde Họ́láǹdì nìkan, ju kó máa ra ohun tójú bá rí.

Àkísà ni wọ́n fi ṣe bébà ìgbà náà, ìyẹn ló jẹ́ kó lágbára ju ti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí wọ́n fi igi ṣe. Ohun tó ń pa á ni oòrùn, ọ̀rinrin, kòkòrò àti ọwọ́ àìmọ̀. Ooru tí kò ju bíi 20°C lọ, àti afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 50 nínú 100, ló bá a lára mu. Ní ilẹ̀ olóòru, àfi kí wọ́n máa tú ìwé yẹ̀ wò déédéé nítorí ewu ọ̀rinrin àti ikán. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kan ewé tó ya, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí wọ́n fọ ewé tàbí tún un dì láìjẹ́ pé ọ̀mọ̀ràn níbi iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀. Kí olùkójọ kọ ibi tó ti ra ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó rà á àti ohun tó ṣàkíyèsí lára rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀, kì í ṣe sára ìwé. Kùkùté, àṣìṣe lẹ́tà, àbàwọ́n àti orúkọ ẹni tó ti ni ìwé rí ni ẹ̀rí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó ìwé náà jọ. Ìtọ́jú tó bá pa wọ́n rẹ́ ti ba ìwé jẹ́, bó ti wù kó mọ́ tó.